Nípa Àwọn Orin Ọmọ Ilẹ̀ Wa tí a Gbà sínú Àwo, àti Ìdí tí ó fi Yẹ kí Àwọn Ará Ìjẹ̀bú Máa Gbọ́ Wọn

Àṣà rere kan wà láàárín àwọn olùfẹ́ orin ní ilẹ̀ wa, tí ó yẹ fún ìyìn, tí ó sì yẹ fún ìwádìí pẹ̀lú. Bí ẹnì kan nínú wọn bá gbọ́ orin tí ó wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, yálà nínú àwo ni tàbí ní gbọ̀ngàn, kì í lè dá ayọ̀ náà jẹ. Yóò ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó wá gbọ́. Báyìí ni àwọn bàbá wa ṣe ní ayé giramafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí. Báyìí náà ni àwọn ọmọ wa ń ṣe lónìí pẹ̀lú tẹlifóònù tí wọ́n ń mú kiri nínú àpò. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn ìsìn alẹ́, kò ṣòro láti rí àwọn akọrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n kó orí jọ sí ìdí ẹ̀rọ kan, tí wọ́n ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ akọrin tí ó kọ Messiah ti Handel dára jù lọ. Ìfẹ́ tí ó mú wọn dúró níbẹ̀ dára. Ohun tí a fẹ́ bi wọ́n ni pé: nígbà tí àwo orin àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà, èéṣe tí a kì í fi gbọ́ orúkọ wọn nínú iyàn náà?

A kò kọ ìwé yìí láti lé Handel jáde kúrò ní Ìjẹ̀bú. A kọ ọ́ láti yẹ díẹ̀ wò nínú orin tí àwọn Yorùbá tí a tọ́ nínú ìjọ ṣe, tí a sì gbà sínú àwo tàbí tí a tẹ̀ sínú ìwé. Láti sọ èyí tí ó dára nínú wọn àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó. Àti láti fi hàn pé bí a kò bá gbọ́ wọn, tí a kò sì pín wọn fún ara wa, ìran tí ń bọ̀ yóò wí pé àwọn bàbá wọn kò ní orin kankan àfi èyí tí a fi ọkọ̀ ojú omi kó wá.

ÌBẸ̀RẸ̀ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé ni a kọ́kọ́ ń wò. Ní àwọn ọdún 1870, nígbà tí Ìjẹ̀bú ṣì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn oníwàásù, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró padà ti ń ṣe ìpàdé orin ní Èkó, wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ olùfẹ́ orin sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni pàtàkì nínú ẹgbẹ́ náà ni J. A. Otunba Payne, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó. Sàró ni a bí i sí ní 1839, ṣùgbọ́n ìdílé ọba Ìjẹ̀bú ni ìran rẹ̀ ti wá. Nítorí náà kì í ṣe òótọ́ pé àlejò ni Ìjẹ̀bú jẹ́ nínú ọ̀ràn orin onídùùrù. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní ìdí rẹ̀ kí ìjọ kankan tó dúró gbọn-in-gbọn-in ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ́n ní 1892 ni ọ̀nà ṣí. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ìjọ gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Àwọn ènìyàn tí kò gba àlejò láyè tẹ́lẹ̀ ni ó wá ń kọ́ ilé ìsìn fúnra wọn. Pẹ̀lú ìwé kíkà ni orin wọlé, pẹ̀lú orin ni dùùrù wọlé. Ní 1913 a dá Ilé Ẹ̀kọ́ Gíráámà Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀. Láti 1919 títí di 1932, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni olórí rẹ̀. Kí òǹkàwé fi orúkọ náà sọ́kàn, nítorí bàbá ẹni yìí ni ọ̀rọ̀ wa yóò kọ́kọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a níláti rántí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Òyìnbó ní 1905. Samuel Coleridge-Taylor, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣègùn láti Sàró, tẹ ìwé orin piano jáde, nínú èyí tí ó tún orin 24 ti àwọn ènìyàn dúdú ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni ó pè ní Oloba, orin Yorùbá ni. Ẹni tí ó fún un ní orin náà ni Ìyáàfin Victoria Randle ti Èkó. Ẹ kíyèsí i: obìnrin kan mọ orin ilé rẹ̀, ó sì fi lé ẹni tí ó lè lò ó lọ́wọ́, nípa bẹ́ẹ̀ orin tí ìbá kú sí àgbàlá di ohun tí a ń tẹ̀ lórí piano títí di òní. Èyí ni agbára tí ń bẹ nínú kí a pín orin fún ara wa.

ÀWỌN ÀWO J. J. RANSOME-KUTI

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, olùṣọ́àgùntàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kọrin sínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin tí ó gbà sílẹ̀ lé ní 40, gbogbo wọn ní èdè Yorùbá, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ orin ìyìn Ọlọ́run, dùùrù piano ni a sì fi gbe e. Ní àkókò kan náà ọmọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí mọ̀ ọ́n kìkì nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Fela Anikulapo-Kuti. Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n nítorí ara rẹ̀.

Kí ni ó dára nínú àwọn àwo wọ̀nyí? Ohun èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ni ó ń darí ohùn, kì í ṣe ohùn ni ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ kiri. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò níláti mú ìwé lọ́wọ́ kí ó tó mọ ohun tí bàbá náà ń wí. Ohun kejì ni pé a gbọ́ oníwàásù nínú olórin. Ó ń kọrin gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìjọ wà níwájú rẹ̀, tí ó ń retí pé kí wọn dáhùn. Ìjọ kò sí ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n àyè wọn ṣófo sílẹ̀ dè wọ́n nínú orin náà.

Àbùkù wọn kò sì farasin. Ojú kan àwo ìgbà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Nítorí náà orin tí ìjọ lè kọ fún ìdajì wákàtí ní òde ìsọjí wá dà bí aṣọ tí a gé kúrú. Piano tí ó ń tẹ̀ lé e kò sì ṣe ju pé ó di ohùn mú lọ. Kò bá a sọ̀rọ̀ bí ìlù ti ń bá akọrin sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí a bá bi wá léèrè àwo tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ orin ní Ìjẹ̀bú fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, àwọn wọ̀nyí ni a ó dárúkọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn yóò mọ ohun tí orin ìsìn Yorùbá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé lórí rẹ̀.

ÌWÉ TÍ PHILLIPS KỌ

Ẹni tí ó kọ ìwé náà ni T. K. E. Phillips, atẹdùùrù ilé ìsìn Kàtídírà ti Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953. Àlàyé rẹ̀ ni pé nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ àti orin kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí ohùn ni ó ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Gbogbo wa mọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: lẹ́tà kan náà ni, ṣùgbọ́n èkíní ń fẹ́ ìyàwó, èkejì ń ro oko, ẹ̀kẹta ń gbé wa lọ sí Èkó. Bí orin Òyìnbó bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa gbé sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ yóò di ọkọ́ ní ẹnu akọrin, ìjọ yóò sì máa fi ọkàn tún ṣe ohun tí ẹnu ń bàjẹ́.

Àwọn bàbá wa tí ó túmọ̀ ìwé orin kò ṣẹ̀. Orin Òyìnbó ni ó wà nílẹ̀, wọ́n sì níláti fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí ẹnu àwọn ènìyàn kánkán. Ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe nítorí ìkánjú ní 1850 kò di òfin títí ayé. Phillips kò kàn ráhùn. Ó ṣe orin ìdáhùn fún ìsìn ní Yorùbá, ó sì tọ́ àwọn ọmọdékùnrin akọrin tí wọ́n di olùkọ́ fún àwọn mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Fela Sowande.

ỌDÚN 1944: SOWANDE ÀTI OGUNDE

Ọdún 1944 jẹ́ ọdún pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, ọmọ Ìjẹ̀bú kan láti Òsósà, Hubert Ogunde, ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ àti atẹdùùrù ìjọ kí ó tó di ọlọ́pàá, fi eré olórin hàn lórí Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run fún ìjọ Aládùúrà kan. Ní ọdún kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, Fela Sowande, ọmọ àlùfáà tí a bí sí Ọ̀yọ́ ní 1905, parí iṣẹ́ kan fún àwọn ohun èlò olókùn, tí ó pè ní African Suite. Ilé ìsìn ni ó tọ́ àwọn méjèèjì. Dùùrù ìjọ ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ tẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kọjú sí òde ìlú, èkejì kọjú sí gbọ̀ngàn àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ronú sí. Ogunde fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1945, ó sì rin ilẹ̀ yìí já kí ó tó kú ní 1990. Kò sí àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀bú tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Sowande gba oyè tí ó ga jù lọ láàárín àwọn atẹdùùrù ní Ìlú Òyìnbó ní 1943, òun sì ni ọmọ Áfíríkà èkíní tí ó gbà á. Ó tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà wálé ní 1953 láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ó sì kú ní Amẹ́ríkà ní 1987. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pé ta ni Sowande, ó ṣeé ṣe kí ó má lè dáhùn.

Àwọn kan wí pé ẹ̀bi Sowande ni, pé ó kọrin fún Òyìnbó. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé Ogunde lo ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè kọ ọ́ délé. Orin olókùn kò ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó níláti gbé e: ẹni tí ó ní àwo, tí yóò pe aládùúgbò rẹ̀ pé, “Wá gbọ́ èyí.” Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Sowande kò ní púpọ̀ nílé.

ÀFIYÈSÍ LÓRÍ AFRICAN SUITE

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ náà wò. Ìpín márùn-ún ni, kò sì gba ìdajì wákàtí láti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Orúkọ wọn ni Joyful Day, Nostalgia, Lullaby, Onipe àti Akinla. Orin èkíní àti èkẹrin kì í ṣe ti Sowande láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ephraim Amu, olùkọ́ ní ilẹ̀ Gánà, ni ó ni wọ́n. Amu ni ẹni tí a yọ kúrò ní iṣẹ́ olùkọ́ ní Akropong ní 1933, nítorí pé ó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ sí ìsìn, tí ó sì ń fi orin ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ni. Pé Yorùbá kan mú orin ẹni náà, tí ó sì fi ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, kì í ṣe ohun kékeré. Ó fi ọlá fún ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò fi ọlá fún.

Joyful Day ń yan bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún, ó sì mú ọkàn dùn. Nostalgia ni àwọn ènìyàn púpọ̀ fẹ́ràn jù, nítorí ó rọra ń lọ, ó sì dùn bí ẹkún tí a pa mọ́ra. Àwa kò kọ̀ pé ó dára. Ẹni tí ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí ogun sì dí ọ̀nà ilé mọ́ ọn, mọ ohun tí àárò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pa orúkọ náà rẹ́, a kò rò pé olùgbọ́ kan lè wí ilé tí àárò rẹ̀ ń sọ ẹni náà. Nígbà tí àárò bá sọ Yorùbá, orúkọ ni ó máa ń pè: orúkọ ìyá rẹ̀, oríkì ìlú rẹ̀, odò tí ó mu omi rẹ̀. Okùn fáólìn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nínú ìpín márààrún, èyí ni ó dùn jù létí, òun náà sì ni ó jìnnà sí ilé jù.

Lullaby yàtọ̀. Orin ìbílẹ̀ ni ó wà ní ìdí rẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n lára rẹ̀: kò sùn bí ó ti yẹ kí orin arẹmọ sùn, ó ń yí ara padà bí ọmọ tí kò ì fẹ́ fi ojú palẹ̀. Ìyá tí ó bá ti pọn ọmọ rí yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá gbọ́ ọ. Bí okùn kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀, àmì ọ̀rọ̀ wà lára orin náà, nítorí ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ.

Akinla ni òpin, òun ni ó sì dára jù lójú tiwa. Orin háíláìfù ni Sowande mú, irú èyí tí a ń jó sí ní òde, ó sì fi lé àwọn olókùn lọ́wọ́. Àwọn àgbà kan nínú ìjọ lè béèrè pé, orin òde àríyá ha yẹ fún àwọn ọ̀mọ̀wé bí? Ìdáhùn wa ni pé ijó ni ó pa á mọ́. Níhìn-ín ni Sowande kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ìlù kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olókùn ń ṣe iṣẹ́ ìlù, ẹsẹ̀ olùgbọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ohun tí ó kù níbẹ̀ ni ìlù fúnra rẹ̀. A kò lè gbọ́ Akinla láìfẹ́ kí gángan kan dáhùn láti ẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ní ti àwo rẹ̀, ilé iṣẹ́ Decca gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ẹgbẹ́ New Symphony Orchestra ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó lù ú, Trevor Harvey ni ó darí wọn. Ní àwọn ọdún 1970, Paul Freeman ti Amẹ́ríkà gba díẹ̀ nínú àwọn ìpín náà pẹ̀lú London Symphony Orchestra. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé yani lẹ́nu jù ni Kánádà. Ọkùnrin kan níbẹ̀, Clyde Gilmour, ní ètò kan lórí rédíò láti 1956 títí di 1997, nínú èyí tí ó máa ń mú àwo láti inú àkójọ tirẹ̀, tí yóò sì gbé e fún gbogbo ìlú gbọ́. Akinla ni orin tí a fi ń mọ ètò náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Kánádà tí kò mọ ibi tí Èkó wà ń gbọ́ orin Sowande lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ẹnì kan fẹ́ràn àwo rẹ̀, kò sì dá a jẹ. Nígbà náà, mélòó nínú wa nílé ni ó gbọ́ ọ?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÒṢOGBO

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó korò. Ní 1961, Duro Ladipo, ọmọ ìjọ ní Òṣogbo, ṣe orin Àjíǹde fún ilé ìsìn All Saints, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí ìlù náà. Ladipo gbé orin rẹ̀ jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti sórí tẹlifíṣọ̀n. Láìpẹ́ ó ń ṣe eré lórí ìtàn àwọn ọba àti òrìṣà, a sì yìn ín ní Bẹ̀líìnì ní 1964 nítorí Ọba Kò So. Ayé jèrè ní ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n ìjọ pàdánù. Ẹni tí ó mú ẹ̀bùn rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà pẹpẹ ni a jẹ́ kí ó gbé e lọ.

Sáàmù 150 ka ìlù mọ́ àwọn ohun èlò ìyìn, àwọn àlùfáà sì ń ka Sáàmù náà lọ́dọọdún. Ní Ìjẹ̀bú níbí, a mọ̀ pé ìlù ní ipò: gbẹ̀du ní ti ọba, a kì í sì í lù ú níbi gbogbo. Kò sí ẹni tí ó ní kí a kó gbogbo ìlù wọ ilé ìsìn láìyàn. Ṣùgbọ́n láti yàn jẹ́ ohun kan, láti lé gbogbo rẹ̀ jáde jẹ́ ohun mìíràn.

ORIN DÙÙRÙ ÀTI AYO BANKOLE

Àwọn atẹdùùrù wa lè wí pé àwọn kò ní ẹgbẹ́ olókùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní dùùrù, Sowande sì kọ orin fún dùùrù: Ọbáńgíjì, K'á Múra, Jésù Olùgbàlà, àti Oyígíyígì tí ó jáde ní 1958, èyí tí ó mú orin Yorùbá kan, tí ó sì fi oríṣiríṣi ọ̀nà yí i wò bí oníṣòwò ti ń yí aṣọ wò nínú oòrùn. Lójú tiwa, nínú àwọn wọ̀nyí ni Sowande gbé wà nílé jù lọ, nítorí orin tí ìjọ mọ ni ó fi ṣe ìpilẹ̀. Bí atẹdùùrù bá tẹ ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ìjọ ń jáde, ìyá arúgbó tí kò mọ Bach yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà, yóò sì máa kọ ọ́ tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn Sowande ni Ayo Bankole dé, ẹni tí a bí ní Jos ní 1935, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ atẹdùùrù ìjọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Cambridge, ó gba oyè kan náà tí Sowande gbà, ó sì padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Toccata and Fugue rẹ̀ fún dùùrù, tí ó kọ ní 1960, le fún ọwọ́; ṣùgbọ́n orin Yorùbá mẹ́ta tí ó kọ ní 1959 fún olóhùn kan àti piano ni a fẹ́ràn jù. Nínú wọn ni ẹ̀kọ́ Phillips ti so èso: ọ̀rọ̀ kò fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀, piano kò sì dákẹ́ bí ti àwọn àwo 1920, ó ń dá akọrin lóhùn. Ohun tí ó kù nínú àwo Ransome-Kuti ni Bankole fi kún un. A pa òun àti aya rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1976. Kò ì pé ọmọ ọdún 42. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni a kò ì tẹ̀ jáde nígbà náà. Nígbà tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá kú, ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ni ó kù, ikán àti òjò kò sì mọ orin.

ÌMỌ̀RÀN

Ohun tí a bèèrè kò wúwo. Èkíní, kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tí ó bá fẹ́ ṣe ìpàdé orin fi iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa kan, ó kéré tán, sínú ètò rẹ̀, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ọdún rẹ̀ sínú ìwé ètò náà. Èkejì, kí àwọn olùkọ́ máa yan ìrọ̀lẹ́ kan nínú sáà ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a ó gbọ́ àwo pọ̀, tí a ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ èyí tí wọ́n fẹ́ràn àti ìdí rẹ̀. Ọmọ tí a bi léèrè èrò rẹ̀ kì í gbàgbé orin náà. Ẹ̀kẹta, kí a wá àwọn àgbà akọrin tí wọ́n ṣì ní ìwé orin oní-sọ́fà nínú àpótí, kí a ya wọ́n sínú fọ́tò, kí a sì gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní tẹlifóònù lè ṣe èyí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó bá lè rìnrìn àjò lọ sí gbọ̀ngàn MUSON ní Onikan ní Èkó, èyí tí ẹgbẹ́ olùfẹ́ orin tí a dá sílẹ̀ ní 1983 kọ́, kí ó sì padà wá ròyìn ohun tí ó gbọ́ fún àwa tí kò lè lọ.

Àwọn kan yóò wí pé kí a fi Handel sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí ìran mẹ́rin ti jẹ ti di oúnjẹ ilé. A kò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní iyán nínú odó ilé rẹ̀, tí ó sì ń lọ tọrọ àwo aládùúgbò lójoojúmọ́, ebi kọ́ ni ó ń pa á, àìmọ̀ ni. Ìyáàfin Randle pín orin kan, ó wà títí di òní. Gilmour pín àwo kan, odidi orílẹ̀-èdè mọ̀ ọ́n. Àwo Ransome-Kuti, ti Sowande àti orin Bankole wà ní ìkáwọ́ wa. Kí olúkúlùkù tí ó bá ka ìwé yìí mú ọ̀kan nínú wọn, kí ó gbọ́ ọ délẹ̀, kí ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀.